Má Fi Ikọ́ Rẹ Pamọ́ Bí Mo Ṣe Fi Etí Mi Pamọ́

Ojú Ore, Ọ̀tà.
Ọjọ́bọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ mi, Mútíátù ọmọ Sìfáwù,

Kí àlàáfíà Ọlọ́hun wọlé tọ̀ ọ́ nínú yàrá tuntun tí o gbà sí Kàdúná, kó sì jókòó tì ọ́ níbẹ̀, kó má ṣe bí àlejò tó ń kánjú. Ara mi le. Ara ìyá rẹ náà le, àfi orúnkún tó ń dùn ún díẹ̀díẹ̀ nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń fẹsẹ̀ wà láti àárọ̀.

O mọ ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́. Nígbà tí o pè lánàá, ẹ̀rọ etí mi ń súfèé ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé fóònù sún mọ́ ọn. Ìyá rẹ gba fóònù náà, ó ń pariwo ohun tí o ń sọ fún mi, títí gbogbo oníbàárà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fi mọ̀ pé fèrèsé yàrá rẹ kò ní nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń pariwo. Nítorí náà ni mo ṣe ra ìwé àti gègé.

Mo kọ́kọ́ kí ọ kú oríire. Nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn àwọn sọ́jà, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń yẹ àwọn ajagunfẹ̀yìntì wò, àwọn tó ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn nítorí àìsàn tí iṣẹ́ ogun dá sí wọn lára! Nígbà tí ìyá rẹ sọ ọ́, mo ní kó tún un sọ. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì ni.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ parí ọ̀rọ̀, ìyá rẹ jókòó, ó ń fi ìka ra etí aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Bó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣì kù. Mo ní, “Sìfáwù, kí ló kù tí o ò tíì sọ?” Ó ní o sọ fún òun pé ọjọ́ Ajé ni wàá dá fọ́ọ̀mù ìlera padà níbi iṣẹ́, pé ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá o ní àìsàn kankan, “kò sí” ni wàá kọ. O ní bí wọ́n bá gbọ́ pé o ní ikọ́ fée, wọ́n lè ní kí o máa lọ sílé.

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju bí ìyá rẹ ṣe rò lọ, nítorí irú rẹ̀ gan-an ló ti ẹnu èmi náà jáde kí wọ́n tó bí ọ. O mọ̀ pé mo ní ẹ̀rọ etí, o sì mọ̀ pé ìjọba ń san nǹkan fún mi lóṣooṣù nítorí rẹ̀. O ò mọ bó ṣe jẹ́. Mo ti bo ìtàn yìí mọ́ra pẹ́. Màá fi í rán dírẹ́bà ọkọ̀ Kàdúná lọ́la; jókòó kà á tán kó tó di ọjọ́ Ajé.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mo jẹ́ nígbà tí mo wọ iṣẹ́ sọ́jà. Oko ẹ̀gẹ́ ni bàbá mi ń dá ní Alápòtí, ó sì fẹ́ kí n mú ọkọ́. Ọmọ àdúgbò wa kan wá sílé fún ìsinmi, ó wọ kákí tí wọ́n fi sitáàṣì sí, bó ṣe ń rìn ni ilẹ̀ ń dún. Bí mo ṣe tẹ̀lé e nìyẹn. Wọ́n fi mí sáàárín àwọn tó ń yin ìbọn ńlá, èyí tí ọkọ̀ ń wọ́ kiri. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Bí ìbọn yẹn bá dún, wàá rò pé ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ̀rọ̀ tí ayé gbọ́.

Wọ́n fún wa ní nǹkan tí a ó máa dí sí etí. Àwa ọ̀dọ́ kò kà á sí. Ẹni tó bá dí etí láàárín wa, a ó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá rẹ̀ ṣì ń wẹ̀ fún un. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn: mo fi etí tí Ọlọ́hun dá fún mi ra ẹ̀rín àwọn ọ̀rẹ́.

Ní ọjọ́ kan tí a ń kọ́ iṣẹ́ nínú pápá, ìbọn dún nígbà tí mo wà níbi tí kò yẹ kí n dúró sí. Ńṣe ni gbogbo ayé dákẹ́, lẹ́yìn náà ni agogo kan bẹ̀rẹ̀ sí í lù nínú orí mi. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ọrùn ẹ̀wù mi, ẹ̀jẹ̀ ni mo rí.

Kọ́púrà kan wà ní ilé ìtọ́jú inú bárékè wa, Bítírúsù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbẹ́ òkè lápá Jọ́ọ̀sì, ó tínínrín, ó sì ń fi òwú so awò ojú rẹ̀ mọ́ orí. Òun ló tan iná tọ́ọ̀ṣì sí mi létí. Ó wò ó tán, ó ṣí ìwé ńlá kan tí wọ́n ń kọ orúkọ aláìsàn sí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Mo ní, “Bítírúsù, jọ̀wọ́, má kọ ọ́.”

“Kí ló dé?”

“Ìdánwò sájẹ́ǹtì ku oṣù méjì. Bí wọ́n bá rí i pé etí mi ti bàjẹ́, wọn ò ní pè mí.”

Ó ní, “Láṣísì, ta lo rò pé mò ń kọ ọ́ fún?”

“Fún àwọn ọ̀gá.”

“Rárá o. Bàbá arúgbó kan ni mò ń kọ ọ́ fún. Kò tíì dé, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀.”

Ó kọ ọ́. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mi ò padà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yọwọ́ Bítírúsù láwo, mi ò kí i mọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí bárékè mìíràn, ó wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá wa, ó ní, “Láṣísì, mò ń lọ o.” Mo kọ ẹ̀yìn sí i bí ẹni tí kò gbọ́. Ọlọ́hun nìkan ló mọ̀ pé lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́.

Mo yege nínú ìdánwò sájẹ́ǹtì. Kò sí ẹni tó tilẹ̀ ṣí ìwé Bítírúsù wò. Gbogbo ìbẹ̀rù yẹn, lásán ni. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ara pamọ́, mo sì ń bá a lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ yẹ etí wa wò, màá máa wo ìka ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ, bó bá ti tẹ̀ ẹ́ ni màá nawọ́ sókè bí ẹni tó gbọ́ ìró. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ojú ni èmi náà fi ń gbọ́ràn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìyá rẹ ní kí n wá jẹun. Màá dúró díẹ̀.

Mo ti padà dé. Ibi tó kàn yìí ló nira jù fún mi láti kọ.

Ṣé o rántí wòlímọ̀ yín ní ilé kéú, nígbà tí o wọ aṣọ funfun tí ìyá rẹ rán? O ka súrà rẹ láàárín àwùjọ, o sọ̀ kalẹ̀, o sáré wá bá mi. O ní, “Bàbá, ṣé mo kà á dáadáa?” Mo ní, “O kà á dáadáa.” O wò mí lójú, o ní, “Súrà wo ni mo kà?” Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, ìwọ sì doríkodò, mi ò rí ẹnu rẹ. Dípò kí n sọ òótọ́, mo jágbe mọ́ ọ pé ọmọdé kì í dán àgbà wò, mo sì dìde kúrò níbẹ̀. Ìyá rẹ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé inú ìró òun lo sunkún sí.

Láti ìgbà náà ni o kò ti mú nǹkan kan wá fi hàn mí mọ́. Ìwé ẹ̀kọ́ rẹ, àwòrán rẹ, ìyá rẹ ni o ń fi hàn. O rò pé bàbá rẹ kò fẹ́ gbọ́ tirẹ. Àbẹ̀kẹ́, mo fẹ́. Mi ò lè gbọ́ ni. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ lónìí, mo sì mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù kí n tó tọrọ rẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, mo rí iṣẹ́ mẹ́gáàdì ní ilé iṣẹ́ kan lápá Sáńgò, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. O rántí yunifọ́ọ̀mù dúdú yẹn. Ohun tí o ò mọ̀ ni ìdí tí mo fi kúrò níbẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tírélà kan fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn wọ inú ọgbà. Èmi ni mo dúró tí mò ń ju ọwọ́ sí dírẹ́bà pé kó máa bọ̀. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ fún wa, Ìyá Tọ́pẹ́, wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kó pàǹtírí. Ó ń pariwo orúkọ mi. Apá òsì, níbi etí tó ti bàjẹ́, ni ohùn rẹ̀ ti ń bọ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo ṣì ń ju ọwọ́ pé “máa bọ̀, máa bọ̀.” Wẹ́dà kan ló fò sí i, ó fa aṣọ rẹ̀, àwọn méjèèjì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Táyà gun orí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì rún un.

Obìnrin náà kò bú mi. Ó dìde, ó ń gbọn eruku kúrò lára, ó wá dúró níwájú mi, ó ní, “Bàbá Sọ́jà, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?” Ó rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Mo bọ́ yunifọ́ọ̀mù lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyá rẹ pé máníjà ló tàbùkù mi. Irọ́ lórí irọ́.

Mo jókòó sílé báyìí ni ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣiṣẹ́ sọ́jà, Àlàbá, wá bá mi. Òun ló là mí lójú pé ẹni tí iṣẹ́ ogun bá dá ọgbẹ́ tàbí àìsàn sí lára ní ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba, pé ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ìmọ̀ràn gidi nìyẹn. Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni! Ó tún ní, “Láṣísì, etí nìkan ò tó. Ta ló máa rí etí? Fi ẹsẹ̀ kún un. Ẹsẹ̀ ni ojú ń rí.” Mo lọ sí ọjà Sáńgò, mo ra ọ̀pá ìtilẹ̀. Mo fi í kọ́ ìrìn arọ nínú yàrá wa bí ìyá rẹ kò bá sí nílé.

Dókítà mẹ́ta ló jókòó láti yẹ̀ mí wò, obìnrin ni olórí wọn. Mo tiro wọlé. Mo ní orúnkún ọ̀tún ni, mo ní ìbọn ló kọlù ú. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò. Obìnrin náà wá sọ pé kí n lọ bá òun mú fáìlì mi lórí tábìlì tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dìde. Àbẹ̀kẹ́, sọ́jà ni mí. Bí ọ̀gá bá ti ní kí n mú nǹkan wá, ẹsẹ̀ mi kì í bi mí kó tó gbéra. Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀, kíá kíá bí ẹni tó wà nínú páréèdì. Ẹnu ilẹ̀kùn ni mo ti bá a tó dúró. Kò pariwo. Ó tọ́ka sí ọ̀pá mi, ó rọra ní, “Bàbá, ẹ gbàgbé ẹsẹ̀ yín sórí àga.”

Àwọn tó ń dúró de àyẹ̀wò tiwọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n da ẹ̀bẹ̀ mi nù, ẹsẹ̀ àti etí pọ̀. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́. Òótọ́ tí mo ní, èmi fúnra mi ni mo fi irọ́ dè é mọ́lẹ̀.

Mo padà sílé, mo sọ fún ìyá rẹ pé ìkà ni wọ́n. Ọdún méjì ni mo fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa tí mò ń bínú sí gbogbo ayé. Bí èèyàn méjì bá jókòó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, màá rò pé èmi ni wọ́n ń bú. Ìgbà yẹn ni o lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, mo sì rí i pé inú rẹ dùn pé o ń kúrò nílé.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni pé Ìyá Tọ́pẹ́ wá rán aṣọ. Kò mọ̀ pé ìyàwó mi ló ni ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n ṣe ń wọn aṣọ ni ó rí fọ́tò mi lára ògiri, ó sì sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tírélà yẹn. Ìyá rẹ ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan. Ó wọlé, ó gbé àga, ó gbé e síwájú mi níbi tí mo ti lè rí ẹnu rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá Àbẹ̀kẹ́, Ìyá Tọ́pẹ́ rò pé ẹ kórìíra òun. Ọmọ yín rò pé ẹ ò nífẹ̀ẹ́ òun. Èmi ń rò pé ẹ ti sú mi, tàbí pé mo ti sú yín. Ṣé etí kan ṣoṣo ló fa gbogbo èyí? Ìgbà wo lẹ máa tó sọ fún wa?”

Mo sunkún, ọmọ mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti Bítírúsù, ti wòlímọ̀, ti ọ̀pá. Nígbà tí mo dé ibi “ẹ gbàgbé ẹsẹ̀ yín sórí àga,” ó fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò lè pa á mọ́ra. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí a ti rẹ́rìn-ín pọ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, “Ẹ padà lọ. Ẹ mú etí lọ, kí ẹ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ nílé.”

Ọ̀dọ̀ Ìyá Tọ́pẹ́ la kọ́kọ́ lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní rárá, àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún òun, ó fà mí dìde. Lẹ́yìn náà, mo béèrè Bítírúsù lọ́wọ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì tó ń ṣèpàdé ní Ọ̀tà, títí a fi rí ẹnìkan tó ní nọ́ńbà rẹ̀. Ìyá rẹ ló bá a sọ̀rọ̀, pijin ni wọ́n ń sọ, èmi sì jókòó tì í, mò ń wo ojú rẹ̀. Bó ṣe dárúkọ mi báyìí, ó tẹ́tí sílẹ̀. Ó wá yíjú sí mi. Ó ní, “Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ti dárí jì yín láti ọjọ́ tí ẹ ti kọ ẹ̀yìn sí òun. Ó ní òun mọ̀ pé ẹ gbọ́.”

Bítírúsù kọ ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí mi. Ó sọ irú ìwé tí òun kọ ọ̀rọ̀ etí mi sí àti ọ́fíìsì tó ṣeé ṣe kó wà. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni wọ́n rí i. Mo lọ, wọ́n ní kí n padà wá. Mo padà lọ, akọ̀wé tó mọ̀ nípa rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i tán, wọ́n ti kọ orúkọ mi sódì, Àkànní ló ṣíwájú Láṣísì, àfi nọ́ńbà sọ́jà mi nìkan ló tọ̀nà. Mo lọ búra ní kóòtù pé èmi kan náà ni. Nígbà mìíràn, màá fẹ́ jáwọ́. Ìyá rẹ a ní, “Ṣé ìbọn ni wọ́n ń yìn sí yín níbẹ̀ ni? Ẹ tún lọ.”

Nígbà tí mo padà síwájú àwọn dókítà, obìnrin yẹn náà ni mo bá. Ó mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹsẹ̀ ńkọ́?”

Mo ní, “Ẹsẹ̀ mi kò ṣe nǹkan kan, màdáámù. Irọ́ ni mo pa. Etí mi ni òótọ́.”

Ó dìde níbi tó wà, ó fa àga rẹ̀ wá síwájú mi, ó rí i dájú pé mò ń wo ẹnu òun kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ta ló sọ fún yín pé etí nìkan kò tó?”

Wọ́n mú mi wọ yàrá kékeré kan, wọ́n fi nǹkan bo etí mi. Mo di ojú mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mi ò wo ìka ẹnikẹ́ni. Wọ́n rí i pé etí òsì ti kú, pé ọ̀tún náà ti ń rẹ̀. Obìnrin náà wá kà fún mi ohun tí Bítírúsù kọ. Kò ju ìlà méjì lọ: “Ẹ̀jẹ̀ ń ti etí òsì jáde lẹ́yìn tí ìbọn dún. Mo ní kó padà wá, kò wá.”

Wọ́n gba ẹ̀bẹ̀ mi. Owó náà kò sọ wá di olówó, ṣùgbọ́n ó ń dé, ẹ̀rọ etí sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi í sí etí, mo gbọ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ ṣe ń ké kíín-kíín. Mo ní ẹ̀rọ yìí ń fẹ́ epo o. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọ ló ti ń ké bẹ́ẹ̀.

Ó dára. Mo ti sọ ti èmi tán. Àwọn ohun tí mo fẹ́ kí o dì mú lẹ́nu iṣẹ́ yìí nìyí.

Èkínní, ohun tí o bá rí, kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ sọ́jà máa di ọwọ́ rẹ mú bí mo ṣe di ti Bítírúsù mú. Wọ́n máa bínú sí ọ, wọn ò ní kí ọ mọ́. Kọ ọ́, kí o sì kọ orúkọ wọn bó ṣe yẹ, èyí tó ṣíwájú kó ṣíwájú.

Èkejì, bí o bá rí bàbá kan tó ń tiro tí o sì mọ̀ pé irọ́ ni, má jẹ́ kí ẹ̀rín rẹ dé etí ìgbọ́ àwùjọ. Bi í léèrè ohun mìíràn tó ń ṣe é. Ẹni tó ń purọ́ nípa ẹsẹ̀ lè ní etí tó kú, tàbí oorun tí kò wá mọ́, tí ojú ń tì í láti sọ. Kì í ṣe pé irọ́ dára o. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a, mo ti rí i. Ṣùgbọ́n ìwọ ni kí o ràn án lọ́wọ́ kí òótọ́ tètè bá a.

Ẹ̀kẹta, jókòó níwájú wọn. Bá wọn sọ̀rọ̀ lójú, má pariwo. Adití kò fẹ́ ariwo, ó fẹ́ rí ẹnu rẹ ni. Bí o bá sì rí ìyàwó tó tẹ̀lé ọkọ wá, bi òun náà léèrè. Ohun tí ọkùnrin fi pamọ́ fún gbogbo dókítà, ìyàwó rẹ̀ ti ń bá a gbé.

Bí ẹ bá ní kí àwọn aláìsàn padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, sọ ìdí fún wọn. Àgbà tó bá mọ ìdí lè ní sùúrù. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló ń lọ sílé lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ọdún méjì.

Ó wá ku tìrẹ.

Mi ò ní tàn ọ́ jẹ pé bí o bá kọ ikọ́ fée sí fọ́ọ̀mù yẹn, kò sí ẹni tó máa fajú ro. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n bi ọ́ ní ìbéèrè púpọ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí o lọ rí dókítà kí wọ́n tó jẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n rò ó wò. Eruku ọyẹ́ ilẹ̀ Kàdúná kì í ṣe eruku Ọ̀tà. Bí èémí rẹ bá há níbi iṣẹ́, tí kò sí ẹni tó mọ oògùn tí o ń fà sẹ́nu àti ibi tí o fi í sí, ta ló máa ràn ọ́ lọ́wọ́? Bí iṣẹ́ náà bá sì mú kí ikọ́ náà le sí i lọ́jọ́ iwájú, kí lo fẹ́ fi hàn wọ́n, “kò sí” tí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ? Ẹ̀ka ibi tí àwọn èèyàn ti ń sọ òótọ́ ara wọn ni wọ́n ní kí o wá ṣiṣẹ́. Má fi ẹsẹ̀ irọ́ wọ ibẹ̀.

Ìyá rẹ fi ọ́ sẹ́yìn ọ̀kadà láti ibí dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan tí èéfín ilé iṣẹ́ wọ̀ ọ́ láyà, nígbà tí o wà ní kékeré. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń sọ fún ọ pé kí o máa mí. Ohun tí èmi náà ń sọ fún ọ nìyẹn. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀, kí o lè máa mí níbi iṣẹ́ rẹ. Bí wọ́n bá tìtorí rẹ̀ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ, wá sílé. Ibùsùn rẹ ṣì wà níbẹ̀, ọ̀nà mìíràn á sì là. Ṣùgbọ́n ọkàn mi sọ fún mi pé wọn ò ní gbà á. Nọ́ọ̀sì tó mọ bí ó ṣe ń rí kí ara ẹni kọ̀ láti gbọ́ràn síni lẹ́nu, irú rẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ọwọ́ rẹ tu àwọn aláìsàn lára. Kó jẹ́ kí o bá àwọn ọ̀gá tó ń fetí sílẹ̀ pàdé. Kó má jẹ́ kí o di ẹni tí ojú ń tì nítorí ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ.

Mo fẹ́ kọ jù báyìí lọ, ṣùgbọ́n mo ní àlejò. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ mi ti yọrí ni àwọn sọ́jà tó ti fẹ̀yìntì ti ń wá sílé wa kí n bá wọn kọ fọ́ọ̀mù. Bẹ́ǹṣì ìyá rẹ ni wọ́n ń jókòó sí, ó sì máa ń ṣàròyé pé àwọn oníbàárà òun kò ríbi jókòó mọ́. Èyí tó ń bọ̀ lónìí, láti Adó-Odò ni. Ìyàwó rẹ̀ ló wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní bí jẹnẹrétọ̀ bá ta kìjí ní àdúgbò, abẹ́ tábìlì ni ọkọ òun ń bá ara rẹ̀. Ó ní ọkọ òun sọ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe òun, ṣùgbọ́n ó ti gbà láti wá jókòó díẹ̀, kó kàn wá kí mi.

Ó ti dé. Ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń kàn án jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun. Mo gbọ́ ọ. Jẹ́ kí n lọ ṣílẹ̀kùn fún un.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sájẹ́ǹtì Láṣísì Àkànní.